Ọ́ìlì Léènì Keje

Ta ni ẹ bi léèrè kí ẹ tó lọ kó bọ́ọ̀lù yín sáàárín bọ́ọ̀lù gbogbo ayé? Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá, ta ni ẹ bi? Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lánàá ní gbọ̀ngán bólíǹgì, mo ń fi tówẹ̀lì nu àwọn bọ́ọ̀lù aláìníbàbá yẹn, àwọn tí a tò sórí pẹpẹ fún oníbàárà tí kò ní tirẹ̀, mo nu pupa, mo nu aláwọ̀ ewé, mo gbé ẹ̀kẹta, ni ọwọ́ mi bá kan lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, mo yí i padà, mo kà á: Ọlọ́wọ́-Òwú. Orúkọ tí gbogbo gbọ̀ngán bólíǹgì fi ń pè yín, nítorí bí ẹ ṣe máa ń fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó yí lọ wó igi tó wà lópin léènì, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí ìkejì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo pẹpẹ ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ láàárín bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún mọ́kànlá tí ẹ fi ń kó wọn wọlé, tí ẹ fi ń kó wọn jáde nínú báàgì onítáyà yẹn, ẹ ò jẹ́ kí èmi ọmọ àbúrò yín pàápàá gbé wọn láìkọ́kọ́ nu ọwọ́, ẹ wá lọ sọ wọ́n di ohun tí ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lè gbé.

Ẹ fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná, Bàbá. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yìí ti mọ́. Irun tí ẹ ń gbá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti gbá a láti ìgbà tí mo ti wọlé.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ lo ọ̀kan nínú wọn? Ọkùnrin kan tó so táì, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wá lọ́sàn-án, ó gbé èyí tó ń dán, ó ti àtàǹpàkò bọ inú ihò tí wọ́n lu ní ìwọ̀n àtàǹpàkò yín, ó sì há. Ó fà á, kò wá. Ó gbọn ọwọ́ títí, ìyàwó rẹ̀ ń yà á ní fọ́tò. Èmi ni mo lọ gbé ọṣẹ. Mo ń fi ọṣẹ pa ọkùnrin náà lọ́wọ́, omijé sì ń bọ́ lójú mi sórí bọ́ọ̀lù yín, ó wo ojú mi, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, èmi ni àtàǹpàkò ń dùn, kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún?” Mo ní ọṣẹ ló tà sí mi lójú.

Inú ló ń bí mi nígbà yẹn, mi ò ní parọ́. Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́ màá wá bá yín jà, mo ti to ọ̀rọ̀ ìjà náà sílẹ̀ létòlétò, pé ẹ fojú tín-ínrín mi, pé tí ẹ ò bá fẹ́ bọ́ọ̀lù mọ́, ṣé èmi ò wà láyé ni. Mo délé, mo ń ro ẹjọ́ yín fún Màámi. Màámi kàn gbé ṣíbí kalẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ṣé o ò tíì gbọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ò fá irùngbọ̀n mọ́.” Mo ní báwo ni onígbàjámọ̀ ò ṣe ní fá irùngbọ̀n? Ó ní ẹ ti kó abẹ yín sínú dúrọ́ọ̀, ẹ sì ti tì í, pé kílípà nìkan lẹ ń lò. Ó ní tíṣà tó ti ń wá fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ yín láti ọdún mọ́kàndínlógún wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ mú un jókòó, ẹ fi ọṣẹ kùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ gbé abẹ sókè, ẹ dúró, ẹ dúró títí, ẹ wá gbé abẹ kalẹ̀, ẹ ní kí ó má bínú, ọwọ́ yín ti ń parọ́ fún yín, ẹ ò sì fẹ́ kó lọ parọ́ lórí ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní tíṣà náà fi ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ la ìgboro kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ń kí i, “Ẹ káàárọ̀, sà,” òun náà ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí. Oúnjẹ tí Màámi bù fún mi, bó ṣe bù ú náà ló ṣe kó o padà.

Nítorí mo mọ ẹni tó parọ́. Kì í ṣe ọwọ́ yín.

Ẹ má mi orí. Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ ti ń mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tiyín, kó kúrò níkùn mi, tèmi pọ̀ jù ú lọ, a máa dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ojú léènì fún ọdún mọ́kànlá, ta ló ní kí ẹ gba ẹnu ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún gbọ́ ju ojú ara yín lọ? Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé ọ́ìlì tí a ń dà sórí pákó léènì kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Ẹ ní èyí tó ní ọ́ìlì àti èyí tí kò ní, bákan náà ni wọ́n ń dán, bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ ní kí n máa wo òrùka ọ́ìlì tó bá yí bọ́ọ̀lù ká nígbà tó bá padà dé, bóyá ó nípọn, bóyá ó fẹ́lẹ́. Ẹ ní bí ilẹ̀ bá gbẹ, kí n gbé èyí tó ń dán, kí n sún ẹsẹ̀ sósì, kí n jù ú kó yára, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ a máa gbá bọ́ọ̀lù mú, a máa yà á ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ́ìlì bá pọ̀, kí n gbé èyí tí ẹ fi sáńpépà ha lára, kí n sún sọ́tùn-ún, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níbi tí ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́, kí n dẹwọ́, kí n fún un láyè kó rìn. Mo ráhùn lọ́jọ́ kan pé léènì kẹta le, ẹ ní, “Kò sí léènì tó le, ẹni tí kò fẹ́ sún ẹsẹ̀ ló wà.” Ọ̀rọ̀ yẹn, mo fi ṣe ìlànà ìgbésí ayé mi. Lọ́jọ́ ìdíje àṣekágbá yẹn, ẹ sún ẹsẹ̀, ẹ sún un títí ẹ fi sún jáde nínú eré pátápátá, ẹ ò sì sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé léènì yìí ò dára. Kí ló dé tí ẹ ò pariwo? Tààrà, awakọ̀ tí ẹ bá díje, ì bá pariwo. Tààrà ì bá ti sùn sórí léènì náà kí ó tó gbà.

Ẹ gbọ́, ẹ ò mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú mi. Ọ̀gá tó ń lo ẹ̀rọ ọ́ìlì ṣáájú mi, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣe. Ẹgbẹ́ tó bá ra ọtí fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje ló ń da ọ́ìlì fún. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gbẹ, á gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ kó gùn, á gùn. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, onígbàjámọ̀, bíríkìlà, télọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò ra nǹkan kan fún un, ẹ kàn máa dé bá ohun tí ẹ bá bá, ẹ ó sún ẹsẹ̀, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Láti kékeré ni ìrẹ́jẹ kì í ti í jẹ́ kí n sùn, Màámi lè sọ fún yín. Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́, mo ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ síwèé fún máníjà, ojú ìwé mẹ́rin: bí a ó ṣe da ọ́ìlì, gègé ni a ó ṣẹ́, bébà márùn-ún nínú fìlà, ìlànà ọ́ìlì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́rìí méjì, láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Èyí tó bá jáde ni ti gbogbo léènì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Màá dà á, màá fi okùn dí ẹnu ọ̀nà, màá fọwọ́ síwèé pé bákan náà ni wọ́n rí, màá lẹ ìwé náà mọ́ bọ́ọ̀dù. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìyá tó bí mi. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, a máa gbìyànjú ẹ̀ níbi àṣekágbá, bí ó bá dójú tì wá, ìwọ ló dójú tì. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Adájọ́ nìyẹn.

Ó sì dùn mọ́ mi, Bàbá. Mo ní láti sọ ìyẹn náà. Bí wọ́n bá ti ní, “Adájọ́, ẹ ǹlẹ́ o,” èjìká mi á gòkè.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ náà. A ṣẹ́ gègé, ọ́ìlì ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógójì ló jáde nínú ọgọ́ta tí léènì gùn, kí ó nípọn láàárín, kí ó fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìyókù gbẹ títí dé ẹsẹ̀ igi mẹ́wàá. Ilẹ̀ tó bá ọwọ́ yín mu gan-an ni. Mo rí i, inú mi dùn, mo tún bá ara mi wí pé inú mi ò gbọdọ̀ dùn. Mo ti ẹ̀rọ náà, léènì kìíní, ìkejì, ó ń lọ wéréwéré. Ẹ mọ̀ pé aṣọ rólù wà nídìí rẹ̀, tó ń nu ọ́ìlì àná kúrò kí ti òní tó dé. Mo parí ìkẹjọ, mo fi okùn dí ẹnu ọ̀nà, mo fọwọ́ síwèé, mo gbé ẹ̀rọ náà dúró láti tì í wọ sítọ́ọ̀, mo wo ìdí rẹ̀, mo rí páálí. Aṣọ ti tán. Páálí lásán ló ń yí. Mo sáré padà, mo fi ìka ra ìpẹ̀kun léènì kẹfà, ó gbẹ. Mo fi ìka ra ti ìkeje, níbi tó yẹ kó gbẹ bí àwo, ìka mi yọ̀ lọ. Ìkẹjọ náà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ́ìlì àná ni ẹ̀rọ ti wọ́ lọ síwájú, tó fi ra ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ igi.

Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni. Aago mẹ́wàá ni ìdíje. Aṣọ rólù tuntun wà ní sítọ́ọ̀, mo rí i, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Mo gbé aṣọ náà dání. Mo wá gbójú sókè wo bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n lẹ ẹgbẹ́ tó máa lo léènì wo mọ́. Léènì keje àti ìkẹjọ: ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹgbẹ́ awakọ̀. Ẹ̀yin àti Tààrà. Àwọn èèyàn ti ń wọlé, wọ́n ti ń pààrọ̀ bàtà. Mo ní tí wọ́n bá rí mi tí mo ń tún ọ́ìlì dà, tó jẹ́ pé léènì tí ẹ̀gbọ́n màmá mi fẹ́ lò nìkan ni mo ń tún dà, lẹ́yìn tí mo ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà, tí mo ti fọwọ́ síwèé, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n máa ní ẹ ò rí Adájọ́, ẹ ò rí i bó ṣe ń da ọ́ìlì fún ẹbí rẹ̀? Mo dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn tí wọn ò tíì sọ̀rọ̀. Mo dá aṣọ náà padà sí sítọ́ọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dá a padà. Ọ̀rá ò tilẹ̀ ya.

Ẹ wò mí, mo tilẹ̀ tún rí ọ̀rọ̀ fi tu ara mi nínú. Mo ní ṣebí ẹgbẹ́ méjèèjì ló máa lò ó, ohun tó bá ojú náà ló bá imú, níbo ni ìrẹ́jẹ wà? Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣé Tààrà ń yà bọ́ọ̀lù ni? Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní Tààrà? Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ bí ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ já. Kò mọ ọ́ìlì, ọ́ìlì ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ nílò ilẹ̀ gbígbẹ níwájú, kí bọ́ọ̀lù yín lè gbá ilẹ̀ mú kó yà wọ àárín igi. Ibẹ̀ gan-an ni mo bà jẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da ọ́ìlì síwájú, ẹ̀yin ló tẹ̀ ẹ́.

Mo dúró sídìí káńtà, mo ń wò yín. Ẹ ju àkọ́kọ́, ó lọ dáadáa, ó kọjá ọfà tí wọ́n yà sójú léènì, gbogbo wa ń retí kó yà. Kò yà. Ó lọ gbọọrọ bí ẹni tó gbàgbé ilé tó fẹ́ wọ̀, ó ha igi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ sún sọ́tùn-ún. Kò yà. Ẹ gbé èyí tí ẹ fi sáńpépà ha. Ẹ dẹwọ́. Ẹ nu bọ́ọ̀lù, ẹ wo òrùka ọ́ìlì rẹ̀, ẹ ká ojú kò, ẹ tún nù ún. Gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi, ẹ ṣe é níṣojú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀kùn, èmi tí mo mọ̀ pé wọ́n ti fi irin dí ilẹ̀kùn náà látẹ̀yìn sì dúró, mo di abọ́ ẹ̀pà mú. Tààrà wá ń yọ ṣùtì, ó ní, “Ọlọ́wọ́-Òwú, òwú ti rẹ lónìí o, ẹ lọ sá a sóòrùn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wá mu omi. Mo ń gbàdúrà kí ẹ má wá sí ọ̀dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ mi lẹ wá. Ẹ mu ìdajì ife, ẹ ní, “Ọmọ mi, ṣé bákan náà ni keje àti kẹjọ rí pẹ̀lú àwọn yòókù?” Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi mí. Ẹ ò fẹ̀sùn kàn mí. Ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí fún mi nìyẹn, Bàbá, mo kàn ní láti gba ibẹ̀ jáde ni. Mo wo ojú yín, mo ní, “Bákan náà ni, Bàbá. Mo fọwọ́ sí i.”

Ẹ ní, “Ó dáa.” Ẹ mu omi náà tán. Ẹ wá na ọwọ́ ọ̀tún yín, ẹ wò ó, ẹ yí i padà, ẹ tún wò ó, bí ẹni ń wo ọmọ tirẹ̀ tí wọ́n mú níbi olè.

Ohun tí mo ń rí nìyẹn tí mo bá di ojú. Kì í ṣe iye máàkì tí ẹ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n, ọgọ́rùn-ún ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yin tí ẹ máa ń súnmọ́ igba. Ọwọ́ yẹn ni. Ẹ gbà mí gbọ́ ju ọwọ́ tó ti ń bọ́ yín láti ogójì ọdún lọ.

Tí ẹ bá tilẹ̀ bínú. Tí ẹ bá kọjá lára mi láìwò mí. Rárá o. Eré parí, máníjà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kò sí ẹni tó ráhùn ọ́ìlì lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Ẹ̀yin náà wá, ẹ ń wọ́ báàgì yín bọ̀, ẹ fi ọwọ́ yẹn kan náà pa mí lórí, ẹ ní, “O ṣeun. Òní ni gbọ̀ngán yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òdodo.” Ẹ ò mọ ohun tí ẹ fi ṣe mí. Ì bá sàn kí ẹ gbá mi létí. Láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń sùn. Lójoojúmọ́ ni mo ń jí pé òní ni màá sọ, n ó gba òpópónà yìí títí dé ìkángun, n ó rí i tí ẹ ń ṣán tówẹ̀lì níwájú ṣọ́ọ̀bù, n ó sì yà bàrá sọ́dọ̀ aránbàtà tó wà lódìkejì, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yẹn ti rán bàtà tí kò já fún mi.

Mo wá ń bi ara mi léèrè, ṣé òdodo ni mo fẹ́ ni, àbí kí wọ́n máa pè mí ní olódodo? Nítorí ẹni tó fẹ́ òdodo á tún ilẹ̀ dà, wọn ì báà pariwo. Á tilẹ̀ tún gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dà, kí ẹnu lè pa mọ́, aṣọ náà tó o, mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó tó fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó tún kù. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ara mi nìkan ló wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀gá ọlọ́tí yẹn tí mo rọ́pò, ó máa ń ṣe ojúsàájú fún ẹni tó bá ra ọtí fún un. Èmi ṣe é fún orúkọ ara mi, ẹ̀yin ni mo fi san án.

Ẹ má sọ pé kò ju eré lọ. Mo rí i lójú yín pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ eré, kí ló dé tí abẹ wà nínú dúrọ́ọ̀? Kí ló dé tí tíṣà fi ọṣẹ rìn nígboro?

Kí n tó débí, mo ti yà sí gbọ̀ngán. Mo ti já ìwé ọjọ́ yẹn tí mo fọwọ́ sí kúrò lára bọ́ọ̀dù, mo lẹ òmíràn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ọjọ́ ìdíje àṣekágbá, léènì keje àti ìkẹjọ kò rí bíi ti àwọn yòókù. Aṣọ ẹ̀rọ tán. Mo mọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí, mo parọ́. Mo fi orúkọ mi sí i, èyí tí bàbá mi sọ mí, kì í ṣe Adájọ́. Aago mẹ́sàn-án ni máníjà ń dé, bóyá ó ti ń kà á báyìí. Bó bá lé mi, kó lé mi. Tààrà máa ní mo kọ ọ́ kí wọ́n lè gba ife lọ́wọ́ òun fún ẹ̀gbọ́n màmá mi, ó ti dájú pé ó máa sọ bẹ́ẹ̀. Kó sọ ọ́. Ohun tí mo ń sá fún látọjọ́ yẹn náà nìyẹn, ó ti lé mi bá, kò tilẹ̀ ga tó bí mo ṣe rò ó.

Ẹ̀yin ni mo ṣì ń bẹ̀rù. Ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí. Ẹ ń ká tówẹ̀lì. Ẹ bú mi, Bàbá. Ẹ sọ pé ọmọ burúkú ni mí, ẹ sọ pé ẹ máa pe Màámi. Ẹ ò ṣáà lè ní ẹ gbọ́, kí ẹ tún máa fi kílípà lásán jẹun títí ayé, kí ẹ wá kí mi kú òtítọ́. Mi ò gbà. Mo mọ̀ yín, ẹ máa dárí jì mí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ò sì ní dárí ji ọwọ́ yín. Ọwọ́ yẹn ló jàre. Òun nìkan ló jàre nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Ó ń sọ fún yín pé ilẹ̀ ò dára, ẹ ò gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ wo irùngbọ̀n mi. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni, mi ò lè wá síbí, mi ò sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn, ojú ń tì mí. Mo ti jókòó, ẹ rí i. Mo ti gbé ọrùn lé ẹ̀yìn àga. Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀.

Rárá, ẹ gbé kílípà yẹn kalẹ̀. Abẹ ni mo sọ.

Tí ọwọ́ yín bá ti kú lóòótọ́, tí ó bá yẹ kó gé ẹnì kan, ta ló tún yẹ kó gé jù mí lọ? Ọ̀fun tó purọ́ fún un rèé, ó wà nílẹ̀ gbalaja. Mi ò ní ké. Tí ẹ bá wá fá a tán tí ẹ̀jẹ̀ ò jáde, ẹ ó ránṣẹ́ pe tíṣà lónìí, kó tó di ọ̀sán, ẹ ó sì jẹ́ kí n lọ kó àwọn bọ́ọ̀lù yín wálé kí ọlọ́táì kan má tún lọ há mọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mi ò tọrọ àforíjì, mi ò tíì dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ọṣẹ sí i. Ẹ fi sí i dáadáa, irun abẹ́ àgbọ̀n ọ̀tún yẹn máa ń le. Ọwọ́ yín ò gbọ̀n, Bàbá, mo ń wò ó nínú dígí. Èmi ni mo ń gbọ̀n, ẹ má fi tèmi ṣì í mú. Wọ́n ní ẹni tó bá rí abẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀, ó máa ń rántí gbogbo àdúrà tó ti gbàgbé, èmi ò rántí ọ̀kankan, ohun tí mo ṣáà rántí ni pé nígbà tí mo kọ́kọ́ hu irùngbọ̀n, tí irun rẹ̀ kò tíì pé mẹ́wàá, ẹ fá a fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tún fi pọ́dà sí i, ẹ ní kí n…

Ẹ ní kí ni, Bàbá?

Ẹ ní kí n pa ẹnu mi dé, pé abẹ kì í fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀rọ̀.

Ó dáa. Mo ti pa á dé.